Ta Ló Nilẹ̀: Ìtàn Ni àbí Ìbò?

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé kí ni àsíá pupa oníkìnnìún tí àwọn ará Veneto ń fi kọ́ ojú fèrèsé. Ṣé ìjọba tiwọn ni wọ́n fẹ́ ni? Àwọn kan nínú wọn fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìtàn ni wọ́n dì mú. Venezia dá dúró fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún kí Napoleon tó fòpin sí i lọ́dún 1797, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ́stríà. Lẹ́yìn ogun ọdún 1866, Ọ́stríà gbé Veneto fún Faransé, Faransé gbé e fún Ítálì. Ní ọjọ́ 21 àti 22 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó ní kí ará ìlú wá dìbò. Àwọn tó lé ní 640,000 ní Ítálì làwọn fẹ́. Ẹni 69 péré ló kọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹni 69! Wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti ọjọ́ 3 oṣù yẹn, sójà Ítálì ti wọ̀lú, wọn ò sì ka obìnrin mọ́ olùdìbò. Èmi ò rò pé wọn ìbá yan Ọ́stríà o, ṣùgbọ́n wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi wọ́n.

Ní Bolzano, wọn ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ítálì ní orí òkè Brennero ni ààlà òun, bẹ́ẹ̀ èdè Jámánì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń sọ. Àdéhùn ọdún 1919 fún un nílẹ̀ náà, Mussolini sì lé èdè Jámánì kúrò nílé ìwé. Àdéhùn ọdún 1946 àti òfin ọdún 1972 ló pẹ̀tù sí i: èdè méjèèjì wà ní ọ́fíìsì, èyí tó pọ̀ jù nínú owó orí wọn sì ń padà sọ́dọ̀ wọn.

Èyí ni Veneto náà ń wò. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ Ítálì ní wọn ò lè dìbò láti yapa. Ni wọ́n bá dìbò pé kí agbára pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2017 (ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n mú!). Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bí 57 ló jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jáde, 98 ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tó kàn wá nìyí: ta ni "ará ìlú"? Ẹni tó ti ń san owó orí ní Padova fún 20 ọdún, tí kò ní cittadinanza, kò dìbò yẹn. Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní ilẹ̀ bàbá òun ni, èkejì ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí àwọn láti ayé ogun Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ máa wà ló tún dá ogun sílẹ̀ láàárín wọn lọ́dún 1997.

Ẹ̀yin tó ń pè fún Orílẹ̀-èdè Yorùbá náà ńkọ́? Ṣé a máa bi àwọn ará Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, àbí a kàn máa fà wọ́n wọ inú àwòrán ilẹ̀ wa? Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Èkó, ṣé á dìbò? Mo bèèrè èyí nípàdé wa, ariwo ló gba gbogbo ilé.

Ní tàwọn ọmọ wa tí a bí síbí, òfin ọdún 1992 ní ẹni tó ń gbé níbí láì kúrò títí ó fi pé ọdún 18 lè lọ sọ ní comune pé òun fẹ́ cittadinanza, kó tó pé 19. Ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwé àti ìwé àjẹsára wọn, torí òun la fi ń fi hàn pé ọmọ ò kúrò.