Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé èèyàn lè fi ọpọ́n ayò ṣòwò?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá dára. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Igi tútù máa ń là. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbẹ́ ẹ.

2. Ihò 12 ni ọpọ́n máa ń ní, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Ẹ fi ènì díẹ̀ kún un, torí ọmọ ayò máa ń sọnù.

3. Ọpọ́n tó ṣeé pa dé rọrùn láti fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tó wà lókè òkun.

4. Owó igi, agbára yín àti owó ọkọ̀, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dá iye lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín ìmọ̀ràn yìí kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa.