Pẹ́pẹ́yẹ àti Àrùn Òfìnkìn Ẹyẹ

Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn dókítà, àti káàkiri Mushin tó yí i ká, kì í ṣe ohun àjèjì kí adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ máa mu omi nínú àwo kan náà. Bí àrùn òfìnkìn ẹyẹ tó le bá wọ irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, adìyẹ lè kú tán láàrin ọjọ́ díẹ̀, kí pẹ́pẹ́yẹ sì tún máa jẹ̀ kiri bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ètò yìí ni pé, kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà?

Gbogbo àrùn tó bá ń pa adìyẹ ní àpatán ni àwọn ènìyàn a máa pè ní lúkúlúkú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya èyí sọ́tọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ rí oríṣi rẹ̀ tí ń jẹ́ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní Jàjí, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú ní Èkó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Ní 2015, àrùn náà tún padà, Èkó àti Kánò sì wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ yọjú.

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹyẹ ni kòkòrò àrùn yìí ti ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pẹ́pẹ́yẹ, purotéènì kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní RIG-I. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru: bí ó bá ti fura sí àlejò, ó ti fọn fèrè. Fèrè náà ni intafẹ́rọ́ọ̀nù, èròjà tí ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí lólobó kí wọ́n tètè ti ìlẹ̀kùn.

Adìyẹ kò ní ọdẹ yìí rárá. Ó ní òmíràn, MDA5, tí ń sa ipá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ipá náà kò tó. Ní 2010, Katharine Magor ti Yunifásítì Alberta ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú jíìnì RIG-I ti pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n fi í sínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ, wọ́n sì da kòkòrò àrùn sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó yá ọdẹ lò fọn fèrè, kòkòrò náà kò sì lè pọ̀ tó bí ó ti ń pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Ọdẹ náà gba ẹ̀mí pẹ́pẹ́yẹ là, ṣùgbọ́n kò lé àlejò jáde lójú ẹsẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ́pẹ́yẹ tí ara rẹ̀ le a máa yàgbẹ́ kòkòrò sínú omi tí adìyẹ ń mu. Àǹtíbọ́dì tí ara rẹ̀ ń ṣe lòdì sí àrùn yìí kì í sábà lágbára, nítorí náà ó lè tún kó o.

Gbogbo pẹ́pẹ́yẹ kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀ ṣá o. Láti ìparí ọdún 2002 ni oríṣi H5N1 tí ń pa pẹ́pẹ́yẹ pàápàá ti yọjú ní Hong Kong. Pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ìran rẹ̀ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, a sì máa tètè kú ju pẹ́pẹ́yẹ funfun ti ilẹ̀ Ṣáínà lọ.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí àwọn oníṣègùn ẹran bá dé àgbàlá tí adìyẹ ti kú, kì í ṣe òkú adìyẹ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Wọn a fi òwú nu ọ̀nà ọ̀fun àti ihò ìdí pẹ́pẹ́yẹ, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom lẹ́bàá Jos, bí ẹni tí ó ni ín tilẹ̀ ń búra pé kò sí ohun tó ṣe é.