Ìbò Obìnrin Pọ̀, Àga Wọn Kò Pọ̀

Ẹni tó bá dúró l'Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn ní àkókò ìpolongo ìbò, tí Gbọ̀ngàn Mápó ń wò ó láti orí òkè, tí Ọjà'ba sì ń hó nítòsí, yóò rí i pé olùdíje tó gbọ́n kì í kọjá láìkí àwọn ìyálọ́jà, tí ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, oúnjẹ tó gbówó lérí, omi àti owó ilé ìwé ọmọ kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀, ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé.

Ọlá tí wọ́n ń fún obìnrin yìí kò bá àpótí ìbò dé. Ní Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ọmọ ajòro sùn, Ìyálóde, olórí àwọn obìnrin ìlú, ti ń bá àwọn olóyè ogun gbìmọ̀ kí òyìnbó tó gbàjọba, Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Ààrẹ Látòósà tó ń ṣàkóso ìlú nígbà náà rọ̀ lóyè ní 1874, sì lówó débi pé àwọn ológun ń gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìjọba ti 1922 ló mú ìdìbò wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún, ní Èkó àti Kálàbá nìkan, ló sì fún láyè.

Owó orí ló gbé àwọn obìnrin dìde. L'Ábẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ, wọ́n béèrè ìdí tí ẹni tó ń sanwó kò fi lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an, títí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi gbé adé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 (ó padà sórí oyè ní 1950, ìyẹn náà ò ṣeé gbàgbé). Ní ìdìbò àpapọ̀ 1959, obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà dìbò. Ti Àríwá dúró di 1979. Ní 1960 Wúràọlá Ẹṣan, tó dá ilé ìwé ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété, tó sì di Ìyálóde Ìbàdàn ní 1975, wọ ilé aṣòfin àgbà, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyàn ni wọ́n yàn án, a kò dìbò fún un.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ẹ̀tọ́ ìbò ti pẹ́ kó tó kárí. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1920 fún obìnrin níbò, síbẹ̀ òfin 1965 ló jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gúúsù rí i lò dáadáa. Ní 2020, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú obìnrin dúdú mẹ́wàá tó dìbò ló ti Joe Biden lẹ́yìn fún ipò ààrẹ, Kamala Harris sì di igbákejì rẹ̀. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, nínú mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò 2023, obìnrin lé ní mílíọ̀nù 44, àmọ́ mẹ́ta péré ni obìnrin nínú sẹ́nétọ̀ 109 tó wọlé. Lójú tèmi, inú ẹgbẹ́ òṣèlú ni ìlẹ̀kùn ti ń tì, níbi tí ìwọ̀nba èèyàn ti ń fa olùdíje kalẹ̀, tí fọ́ọ̀mù sì ń gbówó lérí, kí ìyálọ́jà tó fi ìka tẹ ohunkóhun.

Ní oṣù kẹta 2022, ilé aṣòfin l'Ábùjá da àbá tó fẹ́ fi àga ọ̀tọ̀ fún obìnrin kún àwọn àga tó wà níbẹ̀ nù, àwọn obìnrin sì kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí obìnrin gba 35 nínú ọgọ́rùn-ún ipò tí ìjọba ń yan èèyàn sí: ipò yíyàn náà ni ṣáá, gẹ́gẹ́ bíi ti Ẹṣan.