Àgbo Ìfọnú, Omi Kànga àti Àwa Ará Òṣòdì òun Ìsọlọ̀

Ẹni tí ó bá dé abẹ́ afárá Òṣòdì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni a ń pè níbẹ̀. Bí àwọn agbèrò ti ń ké Muṣin àti Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ìyá alágbo ń polówó tiwọn: àgbo jẹ́díjẹ́dí rèé, àgbo ibà rèé, ti ọ̀pá-ẹ̀yìn rèé. Ẹni tí ó ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́ a gba ife kékeré kan, a gbé e mì lórí ìdúró, a nu ẹnu rẹ̀, a sì bọ́ sínú ọkọ̀. Àwa pẹ̀lú wà lára wọn, a kò sì ní purọ́ fún yín pé a kò ní dúró níbẹ̀ mọ́ láé. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni ohun tí ojú wa rí nígbà òjò èṣí, nígbà tí a fẹ́ fọ inú wa mọ́ ju bí Ẹlẹ́dàá ti dá a lọ.

Inú fífọ̀ kì í ṣe àṣà tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè é ní dítọ́ọ̀sì, bí ẹni pé òkè òkun ni ó ti wá. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, bí ìsinmi bá ku ọjọ́ méjì kí ó parí, ìyá wa a se ewé àsùnwọ̀n òyìnbó, a tò wá láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn, a sì dúró tì wá títí olúkúlùkù yóò fi mu tirẹ̀ tán. Ní ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé aràn àti kòkòrò wà nínú ara gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, pàápàá nítorí ohun dídùn, ni àrùn dé, ohun kíkorò ni a sì fi ń dín wọn kù. Ewé náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Irú ohun tí ó wà nínú oògùn senna tí àwọn ilé oògùn ń tà ni ó wà nínú rẹ̀, òun ni ó sì ń lé ìfun ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìsinmi kan ni ìyá wa ń fún wa mu, omi tí ó ti hó ni ó sì fi ń ṣe é. A kò fi iyè sí ohun méjèèjì yìí nígbà náà.

Ní èṣí, inú ń kùn wá, ẹ̀yìn sì ń dùn wá, nítorí ìjókòó iṣẹ́ akọ̀wé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ ni ọkùnrin kan ti dìde. Ó wọ aṣọ funfun bí ti dókítà, ó gbàdúrà fún awakọ̀ àti èrò, ó sì sọ fún wa pé ìdọ̀tí ogún ọdún ni ó wà nínú ìfun ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà wá. Ìyẹ̀fun ewé gbígbẹ ni ó ń tà nínú ike, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan. A ó máa pò ó mọ́ omi tútù ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méje, a kò sì gbọdọ̀ jẹ ohun líle. A ra méjì.

Ní ọjọ́ kìíní, a lọ sí ilé ìyàgbẹ́ nígbà mẹ́fà, inú wa sì dùn, nítorí a rò pé ìdọ̀tí ogún ọdún náà ni ó ń jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó kọjá ohun tí a lè kà, omi lásán ni ó sì kù tí ó ń jáde. Ìyàwó wa ní kí a dáwọ́ dúró. A dá a lóhùn pé ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀, a máa ń parí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí a ti ń gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, iṣan ẹsẹ̀ wa dì, òòyì kọ́ wa, a sì lajú láàrin àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ rí. Ọmọ agbèrò kan, irú èyí tí a bá rí ní ọjọ́ mìíràn kí a di àpò wa mú, ni ó gbé wa dé ibi ọkọ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wa lára, àpò mẹ́rin gbáko. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, jókòó tì wá.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ lò?”

A sọ fún un. A ti ń retí pé yóò fi oògùn ìbílẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Omi wo ni ẹ fi ń pò ó, sà?”

“Omi kànga inú ọgbà wa ni, dókítà.”

“Ṣé ẹ kọ́kọ́ sè é?”

A dákẹ́. Ó mi orí. “Ẹ sanwó láti fọ inú yín, ẹ kò sì béèrè irú omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni alágbàfọ̀ tí ara ní. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ padà sínú ara. Nǹkan bí lítà kan sí méjì péré ni ó ń di ìtọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju omi tí ó mọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru ń dá omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ nù, kíndìnrín tí ó rò pé òun ń ràn lọ́wọ́ ni òùngbẹ yóò sì fìyà jẹ. Bóyá ewé ni ó dá wa dùbúlẹ̀ ni o, bóyá kòkòrò inú omi ni, kò lè sọ. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Nígbà tí a padà délé, a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Láti ẹnu kànga wa dé ṣaláńgá ilé kejì kò ju ẹsẹ̀ 40 lọ. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìlera a máa wí pé kí ó tó mítà 30, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ 100. Nígbà òjò, omi kànga tiwa a gòkè débi pé okùn kúkúrú ti tó láti fà á, a sì máa ń yọ̀ sí i. A kò rò ó pé òjò kan náà ni ó ń mú omi ṣaláńgá wá pàdé rẹ̀. Ìyàwó wa a máa ju álọ́ọ̀mù sínú dírọ́ọ̀mù, ẹrẹ̀ a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi a sì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù kì í pa gbogbo kòkòrò tí ojú kò rí. A lọ bá bàbá onílé wa, ẹni ọ̀wọ̀ tí ó ti lé ní 70 ọdún, a dọ̀bálẹ̀, a sì rò fún un.

“Akọ̀wé,” ni ó wí, “bàbá mi mu omi yìí títí ó fi kú, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní 80. Omi Ọlọ́run ni. Ìwé ni ó ń dà ọ́ láàmú.”

Kì í ṣe Bàbá ni ó kọ́kọ́ gbèjà omi kànga ní Èkó. Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí ìlú, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀, Èkó fariga. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà láti tako owó omi, oníṣègùn sì ni àwọn méjèèjì! Ẹ̀rọ Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Ó di 1916 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà, pẹ̀lú ariwo ńlá. Àwa kò dá àwọn bàbá wa lẹ́bi pátápátá, nítorí ta ni ó fẹ́ san owó tí a kò bá a gbìmọ̀ lé lórí? Ṣùgbọ́n lónìí, a tún fi Adíyàn kún Ìjù ní 1991, síbẹ̀ ẹ̀rọ ilé wa ní Ìsọlọ̀ gbẹ bí egungun, mẹ́ruwà, bọ́ọ̀hólù àti píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá ni a sì ń ná owó wa lé.

Pé omi mọ́ lójú kò tó ẹ̀rí. Ní London ní 1854, nígbà tí Dókítà John Snow ń tọpa àrùn onígbáméjì dé ìdí ẹ̀rọ omi Broad Street, ó rí i pé opó kan tí ó ti kó kúrò ní àdúgbò náà lọ sí Hampstead ṣì ń ránṣẹ́ gbé omi ibẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn adùn rẹ̀. Opó náà kú. Ní Èkó tiwa, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fura sí ohun mímu òfìò kan tí a ń tà láìní nọ́ńbà NAFDAC. Ìsọlọ̀ yìí kan náà ni NAFDAC ní ilé-iṣẹ́ sí, lẹ́bàá ọ̀nà Òṣòdì sí Apapa, àwa tí a sì ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a ra ike tí kò ní nọ́ńbà. Kí ẹ má sì rò pé nọ́ńbà nìkan parí ọ̀rọ̀. A yẹ ìgò àgbo kan tí ó ní nọ́ńbà wò ní ilé ọ̀rẹ́ wa, a sì rí i ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtà sọ pé ó ń wò wò.

Lẹ́yìn oṣù kan, a padà lọ kí ìyá alágbo wa lábẹ́ afárá.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, omi wo ni ẹ fi ń se àgbo yìí?”

“Ọmọ mi, láti òru ni mo ti ń sè é, ó ń hó títí ewé á fi rọ̀. Ti òwúrọ̀ kò ní àbùkù.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Bí ó bá di ọ̀sán tí ó ń tán lọ, mo máa ń bu omi mẹ́ruwà lé e.”

Ó ní kò sí oníbàárà tí ó bi òun ní ìbéèrè yìí rí. A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa se omi ọ̀sán náà láti ilé, kí ó sì máa gbé e wá nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí.

“Owó èédú ńkọ́?” ni ó bi wá. A kò rí èsì fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ọmọ-ọmọ bàbá onílé wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru ní òru. Ojú rẹ̀ wọ inú, bí ó sì ti ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀ mọ́. Ìyàwó wa ṣe ohun tí dókítà kọ́ wa: lítà kan omi tí ó ti hó tí ó sì ti tutù, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a fi nǹkan gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ó ń fún un ní díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé, kò sì dáwọ́ dúró nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá kan ilẹ̀kùn wa.

“Akọ̀wé, ẹsẹ̀ mélòó ni o ní ó yẹ kí ó jẹ́?”

Ó ti fi ìdérí onírin sórí kànga báyìí, ó sì ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fún aṣọ fífọ̀ nìkan ni. Omi mímu, a ń sè é. Ṣaláńgá ilé kejì ṣì wà níbi tí ó wà, nítorí onílé ibẹ̀ ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ tiwọn.