EYÍN FUNFUN: Ẹ FỌ̀ Ọ́, Ẹ MÁ HA Á

 

Àwọn àgbà ní funfun ni iyì eyín, òótọ́ sì ni. Nígbà tí ìgbéyàwó tàbí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa a máa wá ohun tí yóò mú eyín wọn funfun kíákíá. Ẹlòmíràn a bu eérú, ẹlòmíràn a lọ èédú, ẹlòmíràn a la ọsàn wẹ́wẹ́, wọn a sì máa fi fọ eyín láàárọ̀ lálẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, eyín náà lè mọ́ lóòótọ́. Àdánù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Èèpo líle kan ni ó bo eyín wa. Kò sí ohun tí ó le tó o nínú ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n bí awọ ara bá bó, òmíràn a hù. Bí egungun bá ṣẹ́, a tún so pọ̀. Èèpo eyín tí ó bá ti lọ kò ní hù mọ́ láéláé. Abẹ́ èèpo yìí kò sì funfun, ó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Nítorí náà, bí a bá ṣe ń fi èédú ha eyín tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ́n tó, omi tútù yóò sì máa ta á. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, kíkan inú rẹ̀ a máa mú èèpo náà rọ̀. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rárá.

Kí ni kí a wá ṣe?

Èkíní, ẹ má fi orin ṣẹ̀sín. Orin ata àti orin ìdí tí ẹ ń rí rà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní àwọn ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí ó jẹ́ àṣà wọn níyànjú láti máa lò ó. Ẹ rún un lẹ́nu títí orí rẹ̀ yóò fi rọ̀ bí ọwọ̀ kékeré, kí ẹ rọra fà á láti ìdí eyín dé ṣóńṣó rẹ̀, níta àti nínú.

Èkejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ìṣẹ́jú 2. Èyí tí a ń fọ̀ kí a tó sùn ṣe pàtàkì jù. Fún ọmọ ọdún 3 sí 6, ọṣẹ tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá jẹ obì tàbí tí ẹ mu tíì tán, ẹ fi omi yọ ẹnu. Ẹni tí ń mu tábà, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà tí fífọ̀ kò lè mú kúrò. Bí aboyún bá lo tetracycline, kápúsù pupa òun yẹ́lò nì, lẹ́yìn oṣù kẹrin oyún, tàbí tí a fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 8, inú eyín ọmọ náà gan-an lè di dúdú tàbí kí ó pọ́n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi eérú fìyà jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́ ni. Bákan náà, ìdọ̀tí tí ó bá ti gan bí òkúta mọ́ ìdí eyín, dókítà eyín ni kí ó bá yín yọ ọ́, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

Ní ti oògùn tí wọ́n fi ń sọ eyín di funfun, láti ọdún 2012 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti fi èyí tí ó lágbára sí ọwọ́ dókítà eyín, kò sì fàyè gbà á fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Bí wọ́n bá ń kiri rẹ̀ lójú pópó, ẹ má rà á.

Eyín tí ó pọ́n díẹ̀ tí ó sì lágbára sàn ju eyín funfun tí kò lè jẹ iṣu sísun lọ.