Tíkẹ́ẹ̀tì àti Káàdì Aṣírò-Ìrìn: Àbá lórí Èdè-Ìperí fún Ìpààrọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni ìṣòro kan tí ń dojú kọ àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà èrò ọkọ̀ ojú irin sí èdè Yorùbá. Ìṣòro náà kì í hàn nígbà tí èrò bá wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tí ó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ kan láti wọ òmíràn ni ó máa ń yọjú, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni ó fi wọ ti àkọ́kọ́, tí ó sì fẹ́ fi káàdì wọ èkejì. Bí atúmọ̀ èdè bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun méjèèjì, èrò yóò rò pé èyí tí ó bá wu òun ni òun lè fi hàn. Àpò èrò ni yóò sì san owó àṣìṣe atúmọ̀ èdè.

Èrò wa ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun méjì yìí kì í ṣe ti ìwé àti ike. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀rí owó tí a ti san. Káàdì jẹ́ àpò owó tí a kò tíì ná. Èdè-ìperí tí a bá ṣẹ̀dá gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ni a óò ti kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti lé ní 20 ọdún tí tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì ti jọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò wo Èkó, níbi tí ọ̀ràn náà ti dé bá wa nílé.

2. Tíkẹ́ẹ̀tì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ ìwé fún èrò kọ̀ọ̀kan. Thomas Edmondson, ọ̀gá ibùdókọ̀ kékeré kan lójú irin Newcastle sí Carlisle, ni ó gbé páálí kékeré jáde ṣáájú 1840, tí a ti tẹ ìrìn àjò àti nọ́ńbà títẹ̀léra sí lára. Nọ́ńbà yìí ni ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí akọ̀wé tà àti iye owó tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ara tíkẹ́ẹ̀tì ti yí padà. A ti fi ìlà olóòfà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí géètì lè kà á. A sì ti tẹ àmì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń kà sí ara àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Kí èrò tó gbé ẹsẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ti sọ ibi tí yóò ti gbéra, ibi tí yóò sọ̀ sí, àti owó tí ó san.

Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a pè é ní ‘ìwé ọkọ̀’, àwọn mìíràn ní ‘ìwé ìrìnnà’. A kò lè fara mọ́ ọ̀kankan. Ní Nàìjíríà, ìwé tí ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì ni ‘ìwé ọkọ̀’. Ìwé tí a fi ń wọ ìlú òkèèrè ni ‘ìwé ìrìnnà’. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ní olówó orí. Ọ̀rọ̀-àyálò náà, ‘tíkẹ́ẹ̀tì’, ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára, kò sì fa ìdàrúdàpọ̀. Òun ni kí a máa lò.

3. Káàdì

Ní ọdún 2003 ni káàdì tí a ń pè ní Oyster dé ọwọ́ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú rẹ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré kan wà, tí ń pa ìsọfúnni mọ́, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí a ká yípo. Kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu géètì ni ó ń rán ìgbì rédíò jáde, tí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 13.56 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì bá súnmọ́ ọn, ìgbì náà yóò mú kí iná díẹ̀ ṣàn nínú wáyà, iná yìí ni yóò sì fún káàdì ní agbára láti dá ẹ̀rọ lóhùn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ni pé káàdì kò mọ ibi tí èrò ń lọ. Nígbà tí ó wọlé, ibi tí ó ti wọlé àti àkókò rẹ̀ nìkan ni a kọ sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá fi káàdì náà kan ẹ̀rọ mìíràn níbi tí ó ti fẹ́ jáde ni a tó lè ṣírò ìrìn rẹ̀, tí a ó sì mọ iye tí yóò san. Tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ ìrìn tí a óò rìn; káàdì ń ṣírò ìrìn tí a ti rìn.

Nítorí èyí ni a kò ṣe fara mọ́ ‘káàdì ọlọ́gbọ́n’, tí ó jẹ́ ìtumọ̀ olólùkúlùkù láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì sọ iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe. ‘Káàdì owó ọkọ̀’ kò tọ̀nà pẹ̀lú, nítorí yóò jẹ́ kí èrò rò pé a ti san owó náà. Àbá wa ni ‘káàdì aṣírò-ìrìn’, tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ‘ṣírò’ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘a-’. Láti oṣù Kẹsàn-án 2014 ni a ti lè fi káàdì báǹkì ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà jẹ́ káàdì aṣírò-ìrìn nígbà tí a bá lò ó báyìí.

Ní ti ìṣe fífi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí:
(1) Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ.
Ẹni tí ó bá kà á kíákíá lè so ‘kan’ mọ́ ‘káàdì’, bí ẹni pé káàdì kan ṣoṣo ni a ń sọ, kí ó sì máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ sí àárín, ọ̀ràn náà yóò yanjú:
(2) Ẹ fi káàdì yín kan ẹ̀rọ.
Fún ọ̀rọ̀-orúkọ, a lè tẹ̀ lé ìlànà ‘ìfọwọ́kàn’, kí a sọ pé ‘ìfikáàdìkàn’. Ti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ‘ìfikáàdìkàn ìwọlé’; ti àbájáde ni ‘ìfikáàdìkàn ìjáde’.

4. Níbi tí ọkọ̀ méjì ti pàdé

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀ràn náà máa ń gbà wáyé.

(i) Níbi tí géètì wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Èrò tí ó ti Brighton dé Victoria yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde ní géètì. Bí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Brixton, yóò tún bá géètì mìíràn pàdé, ibẹ̀ ni yóò ti fi káàdì kan ẹ̀rọ. Géètì fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ níhìn-ín.

(ii) Níbi tí kò sí géètì láàárín. Kí a wí pé ìyá àgbà kan ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Brighton, níbi tí Oyster kò dé, sí East Croydon, ó sì fẹ́ fi Oyster rẹ̀ ti ibẹ̀ lọ sí Norwood Junction. Inú géètì ni ọkọ̀ méjèèjì wà. Bí ó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ kan tí ó sì bọ́ sínú èkejì, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti parí iṣẹ́, káàdì rẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ayẹ̀wéwò bá bá a nínú ọkọ̀, ẹni tí kò san owó ni ìyá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà lórí káàdì rẹ̀. Nítorí náà, ìtọ́ni tí ó sọ pé ‘Ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní East Croydon’ kò tó. Ohun tí ó yẹ kí a kọ ni:
(3) Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yín jáde ní géètì. Kí ẹ tó tún wọlé, ẹ fi káàdì yín kan ẹ̀rọ.

(iii) Níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ìrìn náà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, bí àpẹẹrẹ láti Canterbury sí Oxford, máa ń ní àmì kékeré kan bí àgbélébùú. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé owó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti sọ fún èrò pé káàdì ni a fi ń wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sápò, yóò mú káàdì jáde, yóò sì san owó lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì kò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì wà.

Ìrìn tí ó ní ìwọlé láìní ìjáde, tàbí ìjáde láìní ìwọlé, ni a dábàá pé kí a pè ní ‘ìrìn àìparí’. A yẹra fún ‘ìrìn tí a kò pa dé’, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò ti ara rẹ̀ jáde, ‘ìpadé’, kò jìnnà sí ‘ìpàdé’ lójú ẹni tí kò bá ka àmì ohùn. Ẹni tí ó fi Oyster wọlé, tí ó sì fi káàdì báǹkì jáde, ti ṣe ìrìn àìparí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó tí ó pọ̀ jù lọ ni ẹ̀rọ máa ń gbà fún ìrìn àìparí. Àwọn atúmọ̀ èdè kan ń pe owó yìí ní ‘owó ìtanràn’. Àṣìṣe ni, kò sì kéré. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni à ń bu ìtanràn fún. Owó ìtanràn gan-an sì wà lọ́tọ̀, èyí tí ayẹ̀wéwò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ó tọ́. Ti ìrìn àìparí kì í ṣe ìdájọ́. Èrò lè kọ̀wé béèrè pé kí a dá èlé orí rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá ka ‘ìtanràn’ yóò fi ìtìjú panu mọ́, owó rẹ̀ yóò sì gbé. A dábàá ‘owó ìrìn àìparí’.

Ó ku ẹ̀rọ aláwọ̀ píǹkì tí ó wà ní àwọn ibùdókọ̀ bíi Stratford àti Highbury & Islington. Kì í ṣí ìrìn, kì í sì í parí rẹ̀. Ó kàn ń jẹ́rìí ọ̀nà tí èrò gbà ni, kí owó tí a óò gbà lè bá ọ̀nà náà mu. ‘Ìfikáàdìkàn ẹ̀rí-ọ̀nà’ yẹ ẹ́.

5. Ní ilé

Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2021. Tíkẹ́ẹ̀tì ni à ń rà fún un. Ọkọ̀ ojú irin Búlúù ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Marina sí Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Ti Pupa, láti Agbádó sí Òyìngbò, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024. Káàdì tí a ń pè ní Cowry ni ti àwọn méjèèjì yìí. Ọkọ̀ Ìbàdàn àti ọkọ̀ Pupa sì jọ ń dúró ní Agége. Ẹni tí ó ti Mọ́níyà wá, tí ó sọ̀ ní Agége láti lọ sí Ìkẹjà, ti di ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ irú èrò bẹ́ẹ̀ yóò fi béèrè ọ̀nà.

Orúkọ káàdì yìí ràn wá lọ́wọ́. Owó ẹyọ ni Cowry. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ru ọ̀kẹ́ kan, èyí tí ó jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, wọ ọjà kò tíì ra nǹkan kan. Owó ni ó rù, kì í ṣe ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káàdì rí, olùkọ́ sì lè fi ọ̀kẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

6. Àkójọ àbá

(a) tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ̀rí owó ìrìn tí a ti san ṣáájú.
(b) káàdì aṣírò-ìrìn: káàdì tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò ìrìn, tí ó sì ń yọ owó rẹ̀.
(d) ìfikáàdìkàn ìwọlé, ti ìjáde, ti ẹ̀rí-ọ̀nà: oríṣi mẹ́ta tí a ti ṣàlàyé.
(e) ìrìn àìparí: ìrìn tí ìwọlé tàbí ìjáde rẹ̀ kò sí lákọsílẹ̀.
(ẹ) owó ìrìn àìparí: owó tí ẹ̀rọ gbà nítorí (e), kì í ṣe ìtanràn.

A kò sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè dára ju ìwọ̀nyí lọ. A rọ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń wọ ọkọ̀, kí wọ́n ka gbólóhùn (3) sí wọn létí, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe ní ẹnu géètì. Bí ìdáhùn wọn bá tọ̀nà, iṣẹ́ èdè-ìperí ti parí. Bí kò bá tọ̀nà, àwa ni kí a tún ọ̀rọ̀ wa ṣe, kì í ṣe àwọn.