Ipò Àgbà àti Ìgbéga Lẹ́nu Iṣẹ́ Ọba: Ohun tí Òfin Wí

Ìfáàrà

Ní agbo ilé Yorùbá, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni a fi ń mọ àgbà. Ìyàwó tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí ẹni tí a fẹ́ lé e tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ìlànà tí ó jọ èyí ni iṣẹ́ ọba ń lò. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ dé orí ìpele kan ni a fi ń mọ ipò rẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ ọjọ́ yìí bá rú, ìjà dé.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ẹni tí ó pẹ́ jù ni ìgbéga tọ́ sí. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìpele 7 sí 14 gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, kí ó tó lè du ìgbéga. Lẹ́yìn èyí, àyè gbọ́dọ̀ ṣófo, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣílẹ̀kùn ni. Kì í gbé ènìyàn wọlé.

Ipa ilé-ẹjọ́

Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ kì í sábà fúnra rẹ̀ gbé òṣìṣẹ́ ga. Ohun tí ó ń yẹ̀ wò ni bóyá ìjọba tẹ̀lé ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni ẹjọ́ Shitta-Bey ti 1981 dá lé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ìgbéga pẹ̀lú: Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìlànà iṣẹ́ ọba ní agbára òfin. Láti ìgbà tí àtúnṣe kẹta ti 2010 ti dé bá ìwé-òfin 1999, Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ni ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju orúkọ oyè lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì dá ìdá 10. Ìgbéga tí a fà sẹ́yìn yóò dín owó oṣù kù, yóò sì dín owó ọjọ́ alẹ́ kù.

Ìkádìí

Kí olùkọ́ tọ́jú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ti ìgbéga rẹ̀ gbogbo. Bí a bá gbé ìwé ipò àgbà jáde, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì tètè kọ̀wé ẹ̀hónú nípasẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Ìwé ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé.